Ìdí tí Oníṣòwò Fi Ń Yẹra fún Ìpàtẹ Ọjà Olórin

Bí a bá ní kí o kó ìlù wá pàtẹ ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà ọdún Ọlọ́sùnta, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ bèèrè? Ó dá mi lójú pé owó ìsọ̀ ni, àti iye ènìyàn tí yóò rà. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ń ta ohun èlò orin ń bèèrè ní ilẹ̀ òkèèrè.

Wo ìpàtẹ ọjà olórin Musikmesse, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1980. Ti ọdún 2019 ni ó ṣe kẹ́yìn. Òótọ́ ni pé àrùn kòrónà dí ti ọdún 2020 lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń fà sẹ́yìn ṣáájú.

Ní èrò tèmi, owó ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Oníṣòwò yóò san owó ìsọ̀, owó ọkọ̀ àti owó ilé tí yóò sùn. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni yóò sì fi tà. Ẹ̀wẹ̀, òǹwòran a máa pọ̀ ju òǹrajà lọ.

Àwọn kan yóò ní kí a pa ìpàtẹ rẹ́. N kò gbà. Ẹni tí ń gbẹ́ ìlù kò lówó ìpolówó; àfi kí a lu ìlù rẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó dùn. Nítorí náà, kí àwọn olùṣètò dín owó ìsọ̀ kù, kí wọ́n sì pe àwọn ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ onílù tí yóò rà. Ẹni tí ó pe ọlọ́jà láìpe òǹrajà, ìran ni ó pè é wá wò.