Àrokò inú ẹ̀jẹ̀

Màmá kan wà ládùúgbò wa ní Yeoville, ní Johannesburg níbí, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, Aboniki la fi ń pa á fún wọn, odidi oṣù mẹ́ta, kí dókítà tó sọ pé jẹjẹrẹ ti dé eegun. Ọmọ wọn bi wá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé jẹjẹrẹ méjì ni màámi wá ní báyìí?"

Rárá o, ọ̀kan náà ni. Sẹ́ẹ̀lì tó kúrò nínú ọyàn ló lọ tẹ̀dó sínú eegun. Jẹjẹrẹ ọyàn ló ṣì ń jẹ́. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé "ó ti ràn". Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ bá màmá lo ife kan náà mọ́. Ó tàn ká ni.

Báwo ló ṣe mọ ọ̀nà eegun? Ní ọdún 1889, Stephen Paget, dókítà kan ní London, yẹ àkọsílẹ̀ obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọyàn pa wò. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé gbogbo ara, síbẹ̀ àrùn náà ní ibi tó máa ń yàn. Paget ní bí irúgbìn ló rí, ilẹ̀ tó bá gbà á ló ń hù sí.

Ta wá ni ó ń ro ilẹ̀ náà sílẹ̀? Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n á di iṣẹ́ sínú àpò tín-ń-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní exosome, wọ́n á sì tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbà á á ṣe bí wọ́n ti wí. Àrokò gan-an ni! Jẹjẹrẹ náà ń pàrokò. Ní 2015, David Lyden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára eku pé àmì tó wà lára àpò yìí ló ń darí rẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀, pé ó sì ń tún ibẹ̀ ṣe de sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú eegun, jẹjẹrẹ á ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wó eegun níṣẹ́. Eegun tó wó á tú ohun tí jẹjẹrẹ fi ń dàgbà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2014, lórí obìnrin tó lé ní 1,000 ní ilé ìwòsàn Chris Hani Baragwanath, Soweto, rí i pé àwọn tí ilé wọn jìn ju kìlómítà 20 lọ ni àrùn sábà máa ń ti wọ̀ lára kí wọ́n tó dé. Ní ti àwa Yorùbá ibí, owó táksí nìkan kọ́ ló ń dá wa dúró. Ìtìjú wà ńbẹ̀.

Màmá ti ń lo oògùn jẹjẹrẹ ọyàn báyìí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń fún eegun lágbára. Ẹni tó bá ti ní in rí, tí ẹ̀yìn tàbí ìbàdí ń dùn láìlọ, tí ikọ́ kò dá, tàbí tí ojú ń pọ́n bí ìyeyè, kó sọ ìtàn náà fún dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màmá kò sọ ọ́. "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí," gbogbo ohun tí wọ́n wí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.