Kámẹ́rà Ẹgbẹ́ Wa àti Àwòrán Alẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní ẹ̀ka wa báyìí ni ti kámẹ́rà. Àwọn kan dá a lábàá pé kí a fi owó àpò ẹgbẹ́ ra kámẹ́rà tuntun, ọlọ́wó ńlá, nítorí pé àwòrán tí à ń yà lálẹ́ kò mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọ̀sán, olúkúlùkù wa wà ní ìsọ̀ tàbí ní ibi iṣẹ́. Alẹ́ ni a ń ṣe ìpàdé, alẹ́ náà sì ni àìsùn òkú. Bí iná mànàmáná bá tún lọ, gílóòbù kan tí jẹnẹrétọ̀ ń tàn ni a fi ń ríran. Nígbà tí àwòrán bá jáde, a kì í mọ baba ta ni èyí, tàbí ìyá ta ni ọ̀hún.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti fàájì. Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò tí a wà yìí ní 1911. Àwọn tí ó kọ́kọ́ bá a wá ti sùn, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ni àgbà wa lónìí. Bí àwọn náà bá lọ láìsí àwòrán tí ó dára, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ tí a bí sí ìhín?

Ṣùgbọ́n à ń béèrè pé: ṣé kámẹ́rà ni ó jẹ̀bi, tàbí lẹ́ńsì iwájú rẹ̀? Canon EOS 600D ti 2011 ni ẹgbẹ́ ní. Bí òǹkà f bá ti kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ń ṣí tó. Lẹ́ńsì 18-55mm tí ó bá a wá kò lè ṣí ju f/5.6 lọ bí a bá fà á jáde tán. Lẹ́ńsì kékeré 50mm f/1.8 a máa gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 èyí. Kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí lára, jẹ́ 36mm sí 24mm. Ó fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti wa lọ. Ti òde òní sì dára ju ti 2011 lọ, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí lẹ́ńsì tí kò lajú ni a fi síwájú rẹ̀, a ó tún máa ráhùn.

Ẹ má sì gbójú lé fúláàṣì. Ẹni tí ó bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò dé ara rẹ̀. Ẹni iwájú a funfun bí ẹfun, ẹni ẹ̀yìn a wà nínú òkùnkùn.

Lẹ́ńsì kékeré náà ní àléébù tirẹ̀. Kò ṣe é fà síwájú sẹ́yìn; ẹsẹ̀ ayàwòrán ni yóò máa rìn. Nínú yàrá tí ó há, kò lè gba ogójì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó bá sì dúró lẹ́yìn lè máa ṣe bàìbàì. Nítorí náà, ọ̀sán ni kí a máa ya àwòrán gbogbo ẹgbẹ́.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a ra lẹ́ńsì náà, àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé. Kí ayàwòrán wa gbé òǹkà ISO dé 3200, kí ó má bẹ̀rù bí ara àwòrán bá rí ṣákiṣàki bí gàrí. Ó sàn ju èyí tí ó dàrú nítorí ọwọ́ tí ó gbọ̀n lọ. Kí ó sì máa bẹ àwọn àgbà kí wọ́n jókòó sún mọ́ iná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí àwòrán kò bá mọ́ síbẹ̀, àwa ni a ó kọ́kọ́ nawọ́ pé kí a ra kámẹ́rà tuntun. Lẹ́ńsì náà kò ní ṣòfò, nítorí ó ṣe é lò pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá ti Canon. Bí ó bá jẹ́ irú ti òde òní tí kò ní dígí nínú, òrùka ìsopọ̀ ni a ó fi kún un.

Owó àpò ẹgbẹ́ yìí kan náà ni a fi ń tọ́jú aláìsàn wa, òun náà ni a fi ń gbé òkú ará wa délé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹ wá fi ohùn sí i.