Irọ́ Ni! Ẹṣin Tó Ń Tiro Kò Tíì Parí

Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin Ìlọrin, ẹ̀yin ìdílé Balógun tí ẹ máa ń gẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹṣin pawó létí òkun Èkó, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di òfin láàárín yín: pé ẹṣin tó bá ti ń tiro ti parí, kí ẹ tà á fún alápatà, tàbí kí ẹ tú u síta kó lọ wá oúnjẹ ara rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Irọ́ náà sì ń pa ẹṣin tó yẹ kó wà láàyè.

Irọ́ kìíní: "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè san mọ́."

Ọ̀pọ̀ ìtiro ẹsẹ̀ iwájú, inú pátákò ló ti ń wá, pátákò sì ń hù bí èékánná. Ó ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, kò sì ju ọdún kan lọ kí tuntun tó rọ́pò ti àtijọ́ pátápátá. Bí wọ́n bá gba ẹṣin kékeré kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́jú rẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: iwájú pátákò ti gùn, ó ti ká sókè, gìgísẹ̀ ti ga. Bó bá ní àrùn laminitis, tí àjẹjù ọkà tàbí koríko adùn máa ń fà, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so egungun mọ́ pátákò ti wú. Ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀, iwájú tó gùn yẹn ń fa awọ náà ya.

Iṣẹ́ ẹni tó ń gé pátákò wá bẹ̀rẹ̀. Yóò wo fọ́tò X-ray kó lè mọ ibi tí egungun wà. Yóò fi ẹ̀mú gé iwájú tó gùn, yóò fi fáìlì rẹ́ ẹ wọlé, yóò sì máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, yóò tún gé e. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo yóò dá kún ìyà ẹṣin ni.

Irọ́ kejì: "Ó ń jẹun, kò sí ohun tó ń dùn ún."

Ẹran tí kìnnìún ń dọdẹ kì í pariwo ìrora, torí èyí tó bá fi àìlera hàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ojú ló ń sọ ọ́. Ní 2014, àwọn onímọ̀ láti Ítálì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilé ìwòsàn ẹṣin Havelland ní Brandenburg, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì, gbé òṣùwọ̀n jáde tí a fi ń ka ìrora lójú ẹṣin. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ní ká wò: etí tó le tó sì yí sẹ́yìn, ìpéǹpéjú tó fún pọ̀, òkè ojú tó le, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó le tó sì yọ síta, ẹnu tó fún pọ̀ tí àgbọ̀n sì yọ, ihò imú tó le. Ẹ tún wo ìdúró rẹ̀: bó bá na ẹsẹ̀ iwájú síta, tó gbé ara lé ti ẹ̀yìn, iná ń jó o lẹ́sẹ̀.

Irọ́ kẹta: "Ẹ mú un rìn, ẹsẹ̀ á là."

Ìrìn tipátipá ń ya ohun tó kù tó so egungun mọ́ pátákò. Ìsinmi ló nílò, lórí iyanrìn tàbí koríko gbígbẹ tó nípọn, àti omi yìnyín lẹ́sẹ̀ bí àrùn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó nílò oògùn ìrora bíi phenylbutazone ní ìwọ̀n tí dókítà ẹranko bá sọ, torí àjùlò rẹ̀ ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ má sì gun ún nítorí pé oògùn mú kó rìn dáadáa. Ẹran ẹṣin tó ti lo oògùn yìí kò sì gbọdọ̀ wọnú ìkòkò ọbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kà á léèwọ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé àṣà òyìnbó nìyí. Lóòótọ́, ẹlẹ́ṣin ni àwọn ará Jámánì. Òfin wọn ti 1972 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ẹranko lóró láìnídìí tó mọ́gbọ́n wá. Ní 2002 wọ́n fi ààbò ẹranko sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n tiwa náà wà: abala 495 nínú Criminal Code Nàìjíríà lè sọ ẹni tó hùwà ìkà sí ẹranko sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ìgbà mìíràn wà tí egungun ti yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀, tí ìrora kò sì gbọ́ oògùn mọ́. Nígbà náà, kí dókítà pa á láìsí ìrora, àánú nìyẹn. Àmọ́ dókítà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò. Kì í ṣe alápatà ló ń sọ ọ́.

Nítorí náà, kí Ojúde Ọba tàbí Iléyá mìíràn tó dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹṣin yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ẹ dín ọkà kù. Ẹ jọ dáwó pe ẹni tó mọ pátákò gé ní oṣù méjì-méjì, kí ẹ sì pe dókítà lọ́jọ́ tí ìtiro bá bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló gbé yín jó lójú ayé. Gbèsè ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn yín, ẹ san án.