Kí Aláìsàn Tó Ti Ọsibítù Dé

Bí dókítà bá ti ní kí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù máa lọ sílé, inú ẹbí a dùn. Wọn a pe pásítọ̀ tàbí àáfà, wọn a dáwó ìdúpẹ́ jọ, wọn a tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun. Balùwẹ̀ lẹnikẹ́ni kì í rántí. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí, kódà bí ìrẹsì ìdúpẹ́ bá máa dín kù.

Táìlì tó ń dán, omi ọṣẹ, ẹsẹ̀ kan tí kò gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu: àwọn mẹ́ta yìí kì í pàdé kó dáa. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà kan irin ìdìmú mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ̀nsẹ̀, ní ọwọ́ tó ṣì lágbára. Irin tí à ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ kò lè gba èèyàn dúró o. Ṣe ni yóò já lé e lọ́wọ́. Ẹ wá àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀, kó máa jókòó wẹ̀. Kí ẹ sì tú ìdè ilẹ̀kùn náà kúrò nínú, nítorí ẹni tó ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì kò ní lè ṣí i fún yín.

Kápẹ́ẹ̀tì pélébé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ ká a kúrò. Ẹ kó wáyà ilẹ̀ kúrò lọ́nà. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, iná alágbára bátìrì ni kí ẹ tàn, kì í ṣe àbẹ́là lẹ́bàá àpò ẹ̀fọn.

Ti jẹnẹrétọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nítorí àtifún aláìsàn ní fáànù, àwọn kan a gbé e sí kọ́rídọ̀, tàbí sábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí imú kì í gbóòórùn rẹ̀, tí ojú kì í sì í rí. Ẹni tára rẹ̀ le pàápàá lè sùn kó má jí, ká má tíì sọ ti ẹni tí kò lè dá dìde. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sílé. Bí àyè kò bá tó bẹ́ẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Rọpárọsẹ̀ lè sọ ọ̀fun di ọ̀lẹ, kí omi tí èèyàn mu gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ṣe bu omi sí i lẹ́nu lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, kí ẹ fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ, kó sì wà níjòókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà. Bí ó bá ń húkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹni tí kò lè dá yíra padà, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Ẹ má fà á lápá tó rọ. Eegun èjìká lè yẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un lóògùn, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: Bọ̀dá ti fún un kó tó lọ síbi iṣẹ́, Àǹtí dé, òun náà tún fún un. Àwọn àlejò á gbé àgbo wá pẹ̀lú. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gbé e síbì kan títí ẹ ó fi bi dókítà, nítorí àwọn àgbo kan wà tí kì í bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe.

Lákòótán ìmúra yìí, ẹ kọ nọ́ńbà ọsibítù àti ti awakọ̀ tó lè gbéra lóru gàdàgbà sára ògiri. Bí ẹnu rẹ̀ bá tún wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tàbí tí apá tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ pe awakọ̀ náà lójú ẹsẹ̀.