Orin Ẹ̀fẹ̀ Inú Jáàsì Kì í Ṣe Orin Òmùgọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ pé láàárín àwọn tí a fi òwe yìí tọ́ dàgbà ni a ti ń rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń fojú tín-ín-rín wo orin ẹ̀fẹ̀ tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kọ nínú jáàsì, àti nínú ẹ̀yà jáàsì oníjó tí wọ́n ń pè ní swing, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láàárín nǹkan bí 1935 sí 1945. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí orin wọ̀nyí lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ ọnà nínú wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú wọn kò ní ìtumọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n ní ẹni tí ń kọ wọ́n ń ta iyì ìran rẹ̀ fún òyìnbó. Bí a bá yẹ ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò dáradára, kò sí èyí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú wọn.

Ẹni tí ó bá ní kò sí iṣẹ́ ọnà nínú orin ẹ̀fẹ̀ kò tíì fetí sí Fats Waller. Ní 1904 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí ní New York; inú ọkọ̀ ojú irin ni ó sì kú sí ní 1943, nígbà tí kò tíì pé ogójì ọdún. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tí ọmọ náà fi kọ́wọ́ kí ó tó lọ tẹ̀ lé James P. Johnson, àgbà olùtẹ píánò ní Harlem. Láti 1934 ni ilé-iṣẹ́ Victor ti ń gba ohùn rẹ̀ sínú àwo léraléra, ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n sì ń kó fún un láti kọ ni kò ní láárí. Kí ni Waller ń fi wọ́n ṣe? A máa fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn tí ó wà nínú orin náà, a máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àárín ẹsẹ kan sí èkejì, síbẹ̀ ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ní ṣi ìlù. Nínú “Your Feet's Too Big”, tí ó kọ sínú àwo ní 1939, ẹ̀sùn gbòógì tí ó fi kan olólùfẹ́ inú orin náà ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tóbi jù. Ẹ̀rín ni olùgbọ́ ń rín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ píánò bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀rín náà yóò jìyà ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bákan náà ni Ella Fitzgerald, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ṣe mú orin eré ọmọdé lórí apẹ̀rẹ̀ tí ó sọnù ní 1938, tí òun àti ẹgbẹ́ onílù Chick Webb sì sọ ọ́ di orin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jó sí.

Ẹ̀sùn kejì ni ó yẹ kí ó ti ẹni tí ń kọ́ èdè lójú jù lọ. Nígbà tí Louis Armstrong fi ìró ẹnu lásán kọ apá kan nínú “Heebie Jeebies” ní 1926, òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwo náà ni ó sọ ọ́ di àṣà tí àwọn olórin ń tọ̀ káàkiri. Ẹnu ènìyàn di fèrè. Ní 1931, Cab Calloway gbé “Minnie the Moocher” jáde: òun a lé, àwọn onílù àti èrò ìwòran a sì gbè é, ìró tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan ni wọ́n sì ń pè síra wọn. Àṣà lílé àti gbígbè yìí ni àwọn baba ńlá wọn kó sọdá òkun láti Áfíríkà. Oko ẹrú kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Calloway yìí kan náà ni ó tẹ ìwé atúmọ̀ kan jáde ní 1938, nínú èyí tí ó to àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn olórin Harlem ń lò láàárín ara wọn sí, tí ó sì ṣàlàyé wọn fún ará ìta. Slim Gaillard ní tirẹ̀ hun èdè kan fúnra rẹ̀, ó pè é ní Vout, ó sì ń fi í kọrin. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ bí a ti ń sọ ẹnà, tí ó mọ̀ pé a lè yí ọ̀rọ̀ po lójú àjèjì kí ó má baà gbọ́ ohun tí à ń wí, kò gbọdọ̀ pe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ní ìsọkúsọ.

Ẹ̀sùn kẹta ni ó wúwo jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òtítọ́ ni pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òyìnbó eléré ní Amẹ́ríkà a máa fi èédú kun ojú, wọn a sì máa sín adúláwọ̀ jẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀lẹ àti dìndìnrìn. Òtítọ́ ni pé àwọn adúláwọ̀ kan pàápàá jẹun nídìí irú eré bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ sì ni pé ní Cotton Club níbi tí Calloway ti ń kọrin, adúláwọ̀ ni ó wà lórí ìtàgé, àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ń gbà wọlé láti wòran. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gbé orin ẹ̀tẹ́ lárugẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá orin ẹ̀tẹ́ àti orin ẹ̀fẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn ti da èpò mọ́ àgbàdo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ta ni ẹ̀rín náà ń bá wí?

Armstrong ni wọ́n bú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olórin tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, Dizzy Gillespie pẹ̀lú wọn, ní ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù lójú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹlẹ́rìn-ín yìí náà ni orin “Black and Blue”, tí Waller alápàárá àti Andy Razaf kọ ní 1929 lórí ìyà tí àwọ̀ dúdú ń fi jẹ ènìyàn, ti di ohun mánigbàgbé. Ó kọ ọ́ níwájú Kwame Nkrumah ní Accra ní 1956. Nígbà tí Gómìnà Orval Faubus kó sójà dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ mẹ́sàn-án ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Little Rock ní 1957, Armstrong fi ọ̀rọ̀ líle bá gómìnà náà àti Ààrẹ Eisenhower wí ní gbangba, ó sì kọ̀ láti lọ ṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Soviet. Gillespie fúnra rẹ̀ yí ohùn padà nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1979: ó ní òun wá rí i pé ẹ̀rín Armstrong jẹ́ ti ẹni tí kò gbà kí ìwà ìkà ẹlẹ́yàmẹ̀yà jí ayọ̀ òun gbé. Bí ẹ̀fẹ̀ bá sì jẹ́ ohun ojo, kí ni Charles Mingus fi kọ lu Faubus? Orin yẹ̀yẹ́ ni. Ní 1959 ó gbé e jáde láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1960 ó tún un ṣe tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀, òun ń béèrè, Dannie Richmond onílù rẹ̀ ń dáhùn, gómìnà sì di ẹni ẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Bobby Benson, tí ẹgbẹ́ onílù rẹ̀ ń lu swing ní Èkó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni ó kọ orin ẹ̀fẹ̀ lórí awakọ̀ takisí tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Armstrong pàápàá wá lu fèrè rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Àti kí jáàsì tó dé ayé rárá ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí ó ń fi orin apanilẹ́rìn-ín bá ọ̀dàlẹ̀ àti ìkà wí. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí ó jẹ́ sọ pé òmùgọ̀ ni Ẹ̀fẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó bá ń fi orin ìbànújẹ́ nìkan kọ́ni nípa adúláwọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti gé ìdajì ìtàn wọn sọnù. Kí olùkọ́ gbé àwo Waller àti ti Mingus sí ẹ̀gbẹ́ orin Ẹ̀fẹ̀ nínú kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ bi wọ́n léèrè ẹni tí ẹ̀rín náà ń bá wí, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n wá ìdáhùn náà fúnra wọn.