Ẹ Jẹ́ Kí Bọ̀ọ̀dá Tú Gíláàsì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Wọn

Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kò tíì parí. Mo wá gbé e wá síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Àbúrò bàbá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Houston, ra Corvette ọdún 1974 kan. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, a kí wọn kú oríire, a ní ẹ̀mí yóò lò ó. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wá sọ pé àwọn fẹ́ yọ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ tó lẹ̀ pinpin mọ́ ara ọkọ̀, kí àwọn sọ ọ́ di èyí tí èèyàn lè fọwọ́ tú kúrò nígbàkígbà tó bá wù ú. Bàbá mi ní èèwọ̀. Èmi ní kí wọ́n ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín á ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú gíláàsì ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ panel-beater ni mí. Ihò fèrèsé tí bàbá mi ń gé sára ọkọ̀ ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé mi. Àwọn ọkọ̀ ẹrù Volkswagen tó ń ti Yúróòpù dé, tí ẹ̀gbẹ́ wọn dí pa, ni àwọn èèyàn máa ń wà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, wọ́n á gé páànù, wọ́n á fi rọ́bà àti gíláàsì sí i, wọ́n á to àga sínú rẹ̀, ó di dánfó. Èmi ni mo máa ń di ìdí tépù mú. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu pé ẹni tí kò lè ka iye fèrèsé tó ti gé sára ọkọ̀ olọ́kọ̀ ni yóò máa pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹyọ kan ṣoṣo.

Ká tó dá ẹjọ́, ó yẹ ká mọ ọkọ̀ náà. Ọdún 1968 ni Chevrolet gbé ìran kẹta Corvette jáde láti ilé iṣẹ́ wọn ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Èèyàn méjì péré ló ń jókòó sínú rẹ̀. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, kì í ṣe páànù. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ abala méjì tí èèyàn lè gbé kúrò, ọ̀kan lókè awakọ̀, ọ̀kan lókè ẹni tó jókòó tì í, ọ̀pá kan sì là wọ́n láàárín. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán láàárín èjìká méjì tó ń gùn lọ sẹ́yìn. Láti 1968 dé 1972, gíláàsì yìí ní férémù àti ìkọ́ tirẹ̀: o ṣí ìkọ́, o gbé e jáde, o tẹ́ ẹ sínú àtẹ tí wọ́n ṣe fún un níbi ìkẹ́rùsí lẹ́yìn àga. Bí òrùlé bá tún ti kúrò, ọkọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí aláìlórùlé. Nígbà tó di 1973, wọ́n lẹ gíláàsì náà pa. Àyè ẹrù fẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí pé àtẹ yẹn kúrò, afẹ́fẹ́ tó ń jà yí orí èèyàn ká nígbà tí òrùlé bá ṣí sì dín kù. Ti Bọ̀ọ̀dá fi ọdún méjì péré pẹ́ dé.

Àtakò àkọ́kọ́ tí Bàbá ṣe nìyí: "Bí ẹni tó ṣe é bá ti ní kó má ṣí mọ́, ta ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí i?" Ọ̀rọ̀ àgbà ni, àmọ́ àwọn tó ṣe é kò fìgbà kan dúró sójú kan lórí ẹ̀yìn àti òrùlé ọkọ̀ yẹn. Abala kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe òrùlé rẹ̀; nígbà tí wọ́n rí i pé ara ọkọ̀ ń lọ́ ni wọ́n tó fi ọ̀pá sí àárín, tí òrùlé fi di méjì. Wọ́n ń ṣe aláìlórùlé tẹ́lẹ̀, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn 1975, wọ́n tún mú un padà ní 1986. Ní 1978, wọ́n sọ gíláàsì ẹ̀yìn di ńlá tó dagun wálẹ̀, kò sì ṣí. Ní 1982, wọ́n ṣe àkànṣe kan tí wọ́n pè ní Collector Edition, gíláàsì ẹ̀yìn tirẹ̀ sì ń ṣí sókè bí ilẹ̀kùn. Ó ń ṣí, kò ṣí mọ́, ó tún ń ṣí. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ká wá pè ní ìfẹ́ ẹni tó ṣe é?

Àwọn ará Jámánì náà ṣe irú rẹ̀. Porsche 911 Targa tó kọ́kọ́ jáde fún ọdún 1967, ọ̀rá tó mọ́ gaara tó ní síìpù ni wọ́n fi ṣe fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí gíláàsì tí kò ṣí fi rọ́pò rẹ̀. Lónìí, ọlọ́rá yẹn gan-an ni àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń fojú méjèèjì wá.

Mi ò sọ pé kí gbogbo ayé gbé ayùn o. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, National Corvette Restorers Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, ọdún tí ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá ń jẹ́ gan-an. Lára iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yẹ Corvette wò bóyá ó ṣì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ohun tó bá yàtọ̀, wọ́n á yọ máàkì rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń jókòó ti oríkì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó ti kú mọ iyì ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, tí ọ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì pé, ẹ̀yìn Bàbá ni ǹ bá wà.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí Bọ̀ọ̀dá rà. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó kéré tán. Àga rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀ míràn. Corvette tí wọ́n ṣe fún ọdún 1974 sì lé ní 37,000. Kí ni a fẹ́ tọ́jú níbẹ̀?

Bàbá tún ní bí wọ́n bá gé e, owó rẹ̀ á já wálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló fẹ́ tà á? Ọdún méjìlélógún ni Bọ̀ọ̀dá fi ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń sùn nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Ohun tí wọ́n kọ sórí WhatsApp kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mi ò ra ọkọ̀ yìí fún ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ mi, atẹ́gùn ni mo fẹ́." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń ra ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n á fi aṣọ bò ó sínú gáréèjì, wọ́n á máa ṣí i wò bí ẹni ń ṣí òkú wò. Owó wọn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá ti wọ̀ mí lára ni ọ̀rọ̀ fáíbà. Páànù tí o bá gé ṣì, wẹ́dà á jó o padà. Fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú gíláàsì tí wọ́n fi oje kẹ́míkà lẹ̀ pọ̀ ni. Bí àlẹ̀mọ́ rẹ̀ kò bá dára, á dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìlà tín-ín-rín á yọ lójú ọ̀dà. Eruku rẹ̀ ń yún ara, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Lábẹ́ fáíbà yẹn, irin ni wọ́n fi ṣe egungun tó yí ibi ìjókòó ká. Àwọn tó ní Corvette ń pè é ní birdcage, àgò ẹyẹ, ìdógùn-ún sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí rọ́bà gíláàsì bá ń jò, omi á lọ síbi tí ojú kò tó, àgò á máa jẹrà. Houston kì í ṣe ìlú tí òjò ti ń ṣahun.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ kí wọ́n kàn gé gíláàsì tó wà ńbẹ̀ kúrò, kí wọ́n wá fi ìkọ́ kọ́bọ́ọ̀dù dè é padà, bí mo ti rí i nínú fídíò kan. Kí wọ́n wá òkú ọkọ̀ 1968 sí 1972, kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ pọ̀: gíláàsì pẹ̀lú férémù, ìkọ́, ibi tí ìkọ́ ń wọ̀, àtẹ. Rọ́bà tuntun ni kí wọ́n rà. Kí wọ́n ya fọ́tò kí ayùn tó kàn án, kí wọ́n fi gíláàsì tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti gbogbo ohun tí wọ́n bá gé kúrò pamọ́. Bí ọjọ́ títà bá sì dé lóòótọ́, kí wọ́n sọ fún olùra kó tó béèrè. Nínú ọjà tòkunbọ̀ nílé níbí, àìsọ yẹn ló ń ba èèyàn nínú jẹ́ ju gígé lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìjà yìí: èéfín. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á fò lórí òrùlé, á fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì tó dúró ṣánṣán yẹn. Àlàfo náà á máa fa ohun tó wà nítòsí mọ́ra láti fi dí ara rẹ̀. Kí ló wà nítòsí? Sálẹ́ńsà méjì tó ń tú èéfín lábẹ́ ìdí ọkọ̀. Bí wọ́n bá tú gíláàsì, tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́, tí òrùlé sì wà lórí, ihò ẹ̀yìn yẹn ni èéfín lè gbà wọlé, kó máa yí po nínú ọkọ̀. Ọdún 1974 ló sì kẹ́yìn kí Corvette tó ní catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń dín májèlé inú èéfín kù. 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i. Carbon monoxide tí ẹ́ńjìnnì Bọ̀ọ̀dá bá tú, bó ṣe rí ló ṣe ń jáde. A mọ gáàsì yìí nílé. Òun náà ló ń pa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ sùn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó ń fà á símú á kàn rò pé orí ló ń fọ́ òun, tàbí pé oorun ló ń kun òun. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òru fún ọdún méjìlélógún á tètè gbà pé oorun ni.

Ohun tí mo ní kí Bọ̀ọ̀dá ṣe nìyí, kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ sórí férémù. Kí wọ́n yẹ sálẹ́ńsà wò láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé ìparí, kí gbogbo oríkèé rẹ̀ má ṣe jò. Kí wọ́n tún kábúrétọ̀ ṣe kó má máa jẹ epo àjẹjù. Kí wọ́n má ṣe wa ọkọ̀ náà láé pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀yìn nìkan ní títú: kí òrùlé náà kúrò, kí ojú atẹ́gùn iwájú wà ní ṣíṣí, kí fáànù máa fẹ́. Kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí gáàsì yẹn bá wọlé, kí wọ́n gbé e síbi tí etí wọn á ti gbọ́ ọ.

Mo pè wọ́n ní Sátidé, mo tò ó fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ Yorùbá, ṣé èyí náà wà nínú kọ́ọ̀sì yín?" Àmọ́ wọ́n ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe sálẹ́ńsà. Bàbá ṣì ń sọ pé àwọn ò lọ́wọ́ sí i. Lálẹ́ àná wọ́n pè mí, a sọ̀rọ̀ iná, a sọ̀rọ̀ owó họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó béèrè lójijì pé, "Fáíbà etí ibi tí gíláàsì yẹn wà, báwo ló ṣe nípọn tó?"