Ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe owó, lẹ́tà ni

  

Ọ̀rọ̀ kan ń jó wa lára, a ò sì ní lè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ni. Àwọn kan máa ń béèrè pé, ṣé àwọn èèyàn ṣì ń fi ṣẹ́ẹ̀kì sanwó láyé òde òní? Ìdáhùn wa ni pé wọ́n ṣì ń fi í sanwó, àwọn tó sì ń jìyà rẹ̀ kì í ṣe olówó. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń jìyà rẹ̀, àti bíríkìlà, àti ìyá tó se oúnjẹ fún ìpàdé, àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí.

Ẹ lọ sí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ẹ ra àgbàdo, ẹ ra ata, kí ẹ wá na ṣẹ́ẹ̀kì sí ìyá tó ń tà á. Bí kò bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, á ní kí ẹ dá ẹrù òun padà. Ìyá náà ò ṣe àṣejù. Àwọn ìyá wa ò fi ṣẹ́ẹ̀kì ná ọjà rí. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀, ogójì ogójì ni wọ́n ń sín in sí okùn. Lẹ́yìn náà ni owó onírin àti owó bébà dé. Láti orí bébà, a bọ́ sórí fóònù. Ṣẹ́ẹ̀kì ò fìgbà kan dé inú igbá ọjà. Ọ́fíìsì ló jókòó sí, ibẹ̀ náà ló ti ń fìyà jẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ṣẹ́ẹ̀kì jẹ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe owó. Lẹ́tà ni. Ẹni tó jẹ ọ́ lówó kọ lẹ́tà sí báǹkì rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi fún lágbájá ní iye báyìí nínú owó mi tó wà lọ́dọ̀ yín." Ó wá fi lẹ́tà náà lé ọ lọ́wọ́ pé kí ìwọ fúnra rẹ gbé e lọ. Ìwọ tí wọ́n jẹ lówó lo wá di ìránṣẹ́. Ìwọ lo máa gun zẹ́mìjàn, ìwọ lo máa tò sórí ìlà, ìwọ lo máa dúró kí báǹkì wò ó bóyá owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn baba wa náà máa ń di àrokò ránṣẹ́ síra wọn, ẹyọ owó àti ìyẹ́ ẹyẹ sì lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan di àrokò lé ẹni tó yá a lówó lọ́wọ́, kó wá sọ pé òun ti san gbèsè.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu ló ń gbé. Ilé iṣẹ́ kan tí a ò ní dárúkọ ní kó kan tábìlì àti àga fún ilé ìwé kan. Ó yá owó ra pákó, ó kàn án, ó gbé e lọ. Wọ́n yìn ín, wọ́n sì fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì 240.000 sẹ́fà. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé e dé ilé, ó fi í han ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Nígbà tó dé báǹkì, ọmọbìnrin tó dá a lóhùn fi ìka han ìlà méjì tí wọ́n fà sórí ìwé náà, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a ò lè ka owó èyí lé yín lọ́wọ́. Inú àkáǹtì nìkan ló lè wọ̀." Ẹ̀gbọ́n wa ò sì ní àkáǹtì. Ó padà sílé lọ mú ìwé ìdánimọ̀ àti fọ́tò. Ó tún lọ. Wọ́n ní kó fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣí àkáǹtì fún un, ó tún lọ yá ìyẹn náà. Ó fi ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó padà lọ, wọ́n ní báǹkì kejì ti dá ṣẹ́ẹ̀kì náà padà, nítorí pé ìfọwọ́sí ọ̀gá ò bá èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn mu. Ọ̀gá ló kọ orúkọ ara rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń jẹ̀bi rẹ̀. Ó wá ọ̀gá lọ pé kó kọ òmíràn, wọ́n ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló gbà kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó yá a lówó pákó ti wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ilé iṣẹ́ yẹn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé àga dé. Ní gbogbo àkókò yẹn, fóònù wà lápò ẹ̀gbọ́n wa. Nọ́ńbà Mòmó rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó bá ń kọjá lọ lórí ọ̀kadà lè kà á.

Ta ló jèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn? Kì í ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́. Owó tó yẹ kó ti wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ṣì jókòó sínú àkáǹtì ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń lọ mọ́ṣáláṣí àti ẹ̀yin tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nípa owó òṣìṣẹ́ àti òógùn ara rẹ̀. Òógùn ẹ̀gbọ́n wa ti gbẹ, ó tún làágùn òmíràn lójú ọ̀nà báǹkì, ìyẹn náà tún gbẹ.

A ò tíì sọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó lẹ́yìn. Òfin UEMOA ti ọdún 2002 lórí ọ̀nà ìsanwó sọ pé ẹni tó bá kọ irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀, tí báǹkì kìlọ̀ fún un tí kò sì tún un ṣe, kò gbọ́dọ̀ kọ ṣẹ́ẹ̀kì mọ́ fún ọdún 5. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe fún ìyá tí wọ́n ti kó gàrí rẹ̀ lọ? Wọ́n fìyà jẹ ẹni tó kọ ìwé, owó ìyá ò tíì dé. Bí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù, ó dé ni tàbí kò dé. Ìyá á ti mọ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé àpò kan kúrò nílẹ̀.

Àwọn kan máa ń ta kò wá. A ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, a ó sì dá wọn lóhùn.

Wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀kì máa ń ní àkọsílẹ̀. Òótọ́ ni. Owó tó gba orí fóònù náà ní àkọsílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, iye, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Owó tí báǹkì gbé láti àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn náà ní in. Kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì nìkan ló mọ̀wé kọ.

Wọ́n ní nínú ẹgbẹ́, ṣẹ́ẹ̀kì ló ń jẹ́ kí èèyàn méjì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, akápò nìkan ò lè dá a kó lọ. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a ò sì ní fi ṣeré. A ti rí ẹgbẹ́ tí akápò gbé owó rẹ̀ sá lọ. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí méjì ló dáàbò bo owó yẹn, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì. Ẹ kọ ìwé sí báǹkì pé kó gbé owó lọ fún ẹni tó ni ín, kí alága àti akápò jọ fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí méjì ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó máa rìn lọ sí báǹkì nìkan ló yí padà.

Wọ́n ní jìbìtì pọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ń yọ owó nígbà tí a bá fẹ́ gbà á. A ò jiyàn. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ Mòmó. Ní ti owó tí wọ́n ń yọ, ẹni tó gbéṣẹ́ fúnni ló yẹ kó fi kún un. Bí ẹ bá ro owó zẹ́mìjàn tí gbẹ́nàgbẹ́nà wa san lálọ àti lábọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ó mọ èyí tó wọ́n jù.

Wọ́n tún ní àṣà àwọn òyìnbó ni, pé ìlú tó lajú ló ń lo ṣẹ́ẹ̀kì. Èyí ló pa wá lẹ́rìn-ín jù. Faransé tó kọ́ àwọn ọ́fíìsì wa ní ìwé kíkọ ló ṣì ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì jù ní gbogbo Yúróòpù, síbẹ̀ ó ń dín kù lọ́dọ̀ àwọn náà lọ́dọọdún. Báǹkì ilẹ̀ South Africa ti jáwọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀kì láti ìparí ọdún 2020. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ dẹ́kun fífi ṣẹ́ẹ̀kì oníbébà sanwó fún àwọn ará ìlú, àyàfi àwọn díẹ̀ tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n fi àṣẹ náà sí. Ẹ gbọ́ èyí o: lọ́jọ́ yẹn gan-an ni BCEAO, báǹkì àgbà tó ń tẹ sẹ́fà fún Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti orílẹ̀-èdè 6 mìíràn, ṣí ètò tó ń jẹ́ PI-SPI, kí owó lè máa ti báǹkì bọ́ sórí fóònù, tàbí ti fóònù bọ́ sí báǹkì, lójú ẹsẹ̀. Àṣà òyìnbó tí ẹ ń tẹ̀ lé, òyìnbó ti ń fi í sílẹ̀.

A ò sì nílò àpẹẹrẹ ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé ọ̀nà mọ́ gbogbo èèyàn, ìjọba Tógò dá ètò Novissi sílẹ̀. Ní Lomé, obìnrin ń gba 12.250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin ń gba 10.500, orí fóònù ló sì gbà dé ọwọ́ wọn. Fóònù kékeré tó, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ká ní ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n fẹ́ kọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti onízẹ́mìjàn nígbà náà, ebi ì bá ti pa wọ́n kí ìwé tó jáde.

Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wa sódì. A ò ní kí wọ́n lọ jó ìwé ṣẹ́ẹ̀kì. Bí oníṣòwò ńlá méjì bá fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀kì ra mọ́tò akẹ́rù lọ́wọ́ ara wọn, tí báǹkì sì ti jẹ́rìí sí i, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. A ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ipá gbé àwọn àgbà sórí fóònù. Ní Brítéènì, lọ́dún 2009, wọ́n kéde pé ṣẹ́ẹ̀kì á parí lọ́dún 2018. Àwọn àgbàlagbà àti ẹgbẹ́ aláàánú fárígá pé kí ni àwọn máa lò, wọ́n sì yí ìpinnu náà padà lọ́dún 2011. Ẹ̀kọ́ ni. Ìyá àgbà tí kò ní fóònù, ẹ ka owó lé e lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ gba ìka rẹ̀ sórí ìwé. Ohun tí àwa ń jà fún ni pé kí owó bá ẹni tó ni ín níbi tó wà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń fẹ́.

Ẹ̀yin mérì, ẹ̀yin ONG, ẹ̀yin ilé ìwé àti ilé iṣẹ́: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi òṣìṣẹ́ bó ṣe fẹ́ gbowó, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ọjọ́ tí owó bá dé ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ pé ẹ sanwó, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fún un ní ìwé.

Ẹ̀yin alága àti akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa gbogbo: àwa náà wà nínú ẹ̀bi yìí. A ti fi ṣẹ́ẹ̀kì fún alásè rí lẹ́yìn ọdún ìlú, ká tó lọ jókòó ká máa jẹun. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ sì bá wa sọ fún àwọn tó ń gbé ṣẹ́ẹ̀kì gàgàrà tó tó ilẹ̀kùn wá síbi ayẹyẹ láti ya fọ́tò pé ilẹ̀kùn yẹn ò wọ báǹkì kankan.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìyá wa: ẹ má tijú. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gbé òòlù, kí ẹ tó dáná: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í gba ṣẹ́ẹ̀kì." Kò sí àrífín níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ òun ò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ wa ò ju báyìí lọ. Kí ẹni tó jẹ gbèsè máa rìn, kí ẹni tí wọ́n jẹ máa jókòó sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ sì bá wa pín in kó lè dé etí àwọn tó ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Kí Elédùmarè jẹ́ ká jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ wa, kó sì tètè dé. Àṣẹ.